Afárá Inú Àpótí

Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn Delfín Remolcoy, ọ̀rẹ́ mi.
Afárá ló wà nínú rẹ̀.
Ọ̀kan, wọ́n yà á sórí ìwé aláwọ̀ aró
nígbà tí wọn ò tíì fa iná dé ọ̀dọ̀ wa;
ọ̀kan, ọkùnrin onítáì kan pín in nígbà ìpolongo ìbò,
òpó mẹ́ta, okùn irin, àti ẹyẹ funfun kan
tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ní etíkun yìí.
Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí kì í ṣe afárá:
ihò ni, tí yóò gba abẹ́ òkun yọ sí òdìkejì
bí òkété tó ní ojú ilé méjì.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n.
Ẹ wá wo àpótí Delfín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi jọ ṣiṣẹ́ lórí fẹ́rì,
ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ń so okùn,
Chacao sí Pargua, Pargua sí Chacao,
ìdajì wákàtí bí inú òkun bá dùn.
Delfín máa ń gbóòórùn lọ́rì ẹlẹ́ja kó tó yọ ní kọ́nà.
Ó mọ ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn:
irú wọn kì í sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láti wo kìnnìún òkun.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá: ní Chiloé, a máa ń fa ilé.
Ọdún tí Eduvina Chiguay ta ilẹ̀, kò ta ilé.
A ti igi rọ́bótó sábẹ́ rẹ̀, a so akọ màlúù mẹ́rìnlá mọ́ ọn,
ó di etí òkun. Nígbà tí omi kún, ilé léfòó,
ọkọ̀ méjì ń fà á lọ, kọ́tìnnì ṣì wà lójú fèrèsé,
ológbò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò bọ́ sílẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ti gúnlẹ̀ sí etíkun kejì,
a ti ń jẹ ọ̀dùnkún àti ẹran.
Ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lu ìwé kankan.

Àwa tí a fi okùn mú ilé rìn lórí omi lọ́jọ́ kan ṣoṣo
la ń dúró de àwọn tó ń fi pẹ́ńsù gbé afárá
láti ìgbà tí irun èmi àti Delfín ṣì dúdú.

Ẹnjinníà kan wá láti Santiago, ọmọdébìnrin, Maite Urrejola.
Ó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára omi sórí tábìlì Delfín, ó mu tíì.
Ó ní àpáta kan wà láàárín omi, orí rẹ̀ ni òpó yóò dúró.
Delfín ní: "A mọ̀ ọ́n.
Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n jù."
Ọmọ náà rọra gbé ife kalẹ̀. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Oṣù keje kan. Ìjì. Wọ́n ti èbúté pa.
Èmi ni mo wa mọ́tò, àwa la wà níwájú gbogbo mọ́tò.
Orfelina, ìyàwó rẹ̀, di àyà mú lẹ́yìn, ó ń ka iná Pargua lódìkejì.
Ó ní mẹ́tàdínlógún ni,
òun á máa kà wọ́n títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀.
Ó kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Nígbà kan ó dé mẹ́rìndínlógún, ó dákẹ́.
Fẹ́rì gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Mo bi í lẹ́yìn ọdún púpọ̀: ṣé o fẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ?
Ó ní bí afárá bá dé, àwọn tó ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé àwọn ti dé.
Nígbà tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan tán, ó tún ní,
"Ṣùgbọ́n iná kan ṣoṣo ló kù o."

Lálẹ́ àná ìjì dá mi dúró sílé rẹ̀. Fèrèsé ń gbọ̀n.
Ó fa àpótí yọ, ó mú ìwé kan, ó ká a lẹ́ẹ̀mẹ́rin,
ó fi há ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Fèrèsé dákẹ́.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, kó tó jí.
Ihò abẹ́ òkun ni.
Èyí tó ní ẹyẹ ṣì wà nínú àpótí.