Ìgò Canio

Nínú ihò àpáta kan ní Barile,
lẹ́sẹ̀ òkè Vulture tó ti gbàgbé bí a ti ń tu iná,
Incoronata nu eruku ara ìgò kan ṣoṣo.
Ọdún tí Canio àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Turin
ni wọ́n dí i lẹ́nu.
"Bí mo bá dé, a ó jọ mu ún."
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Àná ni lẹ́tà dé. Òun kọ́ ló kọ ọ́.

Ìdérí já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀;
ó fi ọ̀bẹ wàràkàṣì ha ìyókù.
Wáìnì ọ̀hún ò pupa bí ẹ̀jẹ̀ mọ́,
ó ti ṣì bíi bíríkì tí òjò ti lù pẹ́.
Nígbà èwe rẹ̀, ó ń ha ahọ́n bí obì àbàtà;
ní báyìí, òórùn awọ ni, òórùn èso gbígbẹ,
òórùn ẹ̀wù ọkùnrin nínú àpótí:
àgbà tí kò bínú mọ́,
tí kò sì tíì gbàgbé.

Ó bu ife méjì.
Ó mu tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀.
Ó wo èkejì títí àbẹ́là fi kú.
Ó ní, "Canio, má bínú, ọ̀fun ń gbẹ mí,"
ó gbé e, ó mu ún.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù.