Òjìji Tí Irin Kò Rí Pa Rẹ́

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń nu gíláàsì àwòrán yìí
ní ọ̀nà tóóró tó lọ sí yàrá adájọ́,
ní ìlú Pruett's Ford, ní Kẹ̀ńtọ́kì.
Èkísà kan, ọtí kíkan díẹ̀ nínú omi,
kí n mí sí i lójú, kí n tó gbo ó.

"Gbàgede Ìlú àti Ilé-Ẹjọ́, 1823":
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́tà ọlọ́rùn gígùn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.
Lemuel Strake ló fín in sára bàbà.
Dọ́là méjìdínlógún ni àwọn àgbà ìlú san fún un
pé kó ya ìlú bó ṣe yẹ kó rí,
kí àwọn ará Filadẹ́fíà lè rí i, kí wọ́n wá ra ilẹ̀.

Lemuel gbọ́ràn.
Ó gbin igi mẹ́jọ síbi tí kùkùté mẹ́ta wà.
Ó lé ẹlẹ́dẹ̀ kúrò ní títì.
Ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ obìnrin,
ó sọ ọ́ di ilẹ̀ títẹ́ bí ojú tábìlì.
Ó gbé ilé-ìṣọ́ gogoro ka orí ilé-ẹjọ́,
ó ki aago bọ inú rẹ̀
(ilé-ẹjọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò nígbà náà,
tí Adájọ́ Ballenger ń fi ọwọ́ kan di òǹtẹ̀ mú,
tó ń fi ẹsẹ̀ ti garawa sábẹ́ ìjò).

Ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó rówó kọ́ ilé-ìṣọ́ ọ̀hún.
Ìtìjú ló kọ́ ọ.
Àlejò ń dé tòun ti àwòrán lọ́wọ́,
wọ́n ń wòkè, wọ́n ń bèèrè aago.
Bí irọ́ ṣe lóyún nìyẹn, tó bí òótọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé-ìṣọ́ ni mò ń sọ.
Ajá ni.
Lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn òkúta,
ajá kékeré kan jókòó, ó na imú sókè,
ó ń wo ọwọ́ tí kò sí níbẹ̀.
Mo rò pé ẹyẹ ló ń wò.
Lọ́dún kẹrin ni mo tó rí òjìji náà:
tẹ́ẹ́rẹ́, ó sùn gbọọrọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn,
ìborí lórí, agbọ̀n lápá,
kò sì sí ẹni tó ni ín.

Gbèsè ló gbẹ̀yìn Lemuel; ilé-ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀.
Ìyáàfin Odom tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́
ló bá mi tú ìwé ìṣirò owó rẹ̀:
"Mo jẹ Keturah, ẹrú Ballenger, ní sẹ́ǹtì mẹ́ta. Àkàrà òyìnbó alátalẹ̀."
Lábẹ́ ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà:
"Àwọn àgbà ní kí n yọ obìnrin dúdú náà."

Ó fi irin họ ọ́, ó fi òmíràn ra á
títí ojú bàbà fi jọ̀lọ̀.
Bàbá lè gbàgbé; bàbà kì í gbàgbé.
Ibi tó ti ra á ṣì jìn wọnú díẹ̀,
ó ń mu tàdáwà, ó rí bí èéfín
lórí àtẹ̀gùn kẹta.
Ṣé ó gbàgbé òjìji ni?
Àbí sẹ́ǹtì mẹ́ta ló fi san?
N kò mọ̀. Mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn;
àwọn tó purọ́ sínú fírémù yìí ti tó.

Láàárọ̀, tí iná ọ̀nà bá tàn lẹ́yìn mi,
ojú mi ń hàn nínú gíláàsì,
ó ń bọ́ sórí àtẹ̀gùn kẹta gan-an,
ajá náà sì ń wo èkísà ọwọ́ mi.
"Verlene," ni ẹ̀ṣọ́ ń pè, "adájọ́ ti ń bọ̀ o."
Aago òkè ń lu mẹ́jọ.
Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yára.
Kò tíì sẹ́ni tó tún un ṣe.