Kílò Méje

Sàlámọ́tù ti fa ìlà sí àárín ìwé:
ọ̀tún, owó tó ń wọlé; òsì, owó tó ń lọ.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
kò sì tíì ṣi tirẹ̀ ṣírò rí.
"Ọjọ́ mẹ́ta péré," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé.
Kàlàbá. A ó bà, a ó sùn, a ó rìn kiri,
a ó padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé a kúrò l'Ẹ̀pẹ́."

Mo ní, omi wà níbẹ̀?
Ó ní omi wà.
Mo ní, ẹja ńkọ́?
Ó ní ẹja pọ̀ níbẹ̀ bí i tiwa.
Mo ní, a ó wá fò kọjá lórí omi lọ wo omi?
Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò mí
bó ṣe máa ń wo ọmọ tó ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ.

"Omi ẹlòmíì ni," ó wí.
"Omi tí ẹnì kankan ò ti ní pè ọ́
pé ẹ́ńjìnnì òun ti kú."

Ọ̀rọ̀ pa mí lẹ́nu mọ́.
Èmi Nójímù oní-ẹ́ńjìnnì létí ọ̀sà,
ọwọ́ mi ò tíì gbẹ lórí òróró
láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti ń rákò.
Ìsinmi mi ni kí òjò rọ̀.

Lánàá a yá òṣùwọ̀n ẹja lọ́wọ́ Ìyá Kúbúrá.
Báàgì kan fún ẹnì kan, kílò méje, kò gbọdọ̀ lé:
tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló wí bẹ́ẹ̀.
A fi báàgì kọ́ ìkọ́ tí wọ́n ń gbé àrọ̀ kọ́ láàárọ̀.
Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó dúró sí mẹ́sàn-án.
Ó yọ bàtà mi kan. Ó yọ èkejì.
Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó fa sípánà yọ.
"Kí lèyí ń wá?"
Mo ní, bóyá.
"Bóyá kí ni? Bóyá awakọ̀ òfuurufú yóò yíjú padà
pé, Bàbá, ẹ bá wa wo ẹ́ńjìnnì?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Èmi náà rín. Ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Nítorí mo mọ ẹ́ńjìnnì.
Kò sí èyí tó ń ké tí kì í dákẹ́ lọ́jọ́ kan.
Bó bá dákẹ́ lórí omi, mo mọ ohun tí n ó ṣe:
n ó tú pọ́lọ́ọ̀gì, n ó fẹnu fẹ́ ẹ, n ó nù ún lára ṣòkòtò,
n ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì;
bí kò bá gbọ́, àjẹ̀ wà.
Bí kò sí àjẹ̀, ọwọ́ wà.
Lókè lọ́hùn-ún, okùn dà? Ta ni yóò fà á?
Ìkùukùu kò ṣeé fọwọ́ tu.

N kò sọ ọ́. Ó ń ka wákàtí:
kí a jí ní aago méjì òru,
kí Jímọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa gba Ìtòkín
torí ọ̀nà Ajá kò ṣeé finú tán,
kí a dé Ìkẹjà kí wọ́n tó pe àsùbáà.
Ó fa ìlà pupa sí i nídìí.

N kò sì sọ fún un pé lálẹ́ òní
mo wa ọkọ̀ dé àárín ọ̀sà,
mo pa ẹ́ńjìnnì,
mo jókòó.
Mo ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó.
Omi ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.
Iná Ẹ̀pẹ́ kéré lẹ́yìn mi
bí ẹyin-iná tó ń kú lọ nínú ààrò ẹja.
Nígbà náà ni ọ̀kan kọjá lókè,
iná pupa, iná funfun, ó forí lé Ìkẹjà,
ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀
bí ọmọ tó ń sunkún tẹ̀lé ìyá.
Mo tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì méjì.
Kò sí èyí tó ń wúkọ́.

Sàlámọ́tù, ìwọ ni kí o jókòó sójú fèrèsé ní àlọ.
Bí a bá ń bọ̀, fi sílẹ̀ fún mi,
kí n lè nàka sí ọ̀sà wa
kí n sì wí fún ọ pé: ibẹ̀ yẹn ni mo jókòó sí.
Sípánà wà nínú àpò ṣòkòtò mi.
Wọn kì í sáà wọn ṣòkòtò.