Oòrùn Oṣù Agẹmọ

Oyún mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta,
ìyá ọkọ mi pàápàá kò tíì mọ̀.
Nọ́ọ̀sì Ajílóre ní Ìsọ̀nà wo ìwé àyẹ̀wò,
ó wo ojú fèrèsé, òjò ń rọ̀ ṣáá.
"Fítámì Dì rẹ ti lọ sílẹ̀," ó ní.
"Ìgbà wo lo yá oòrùn kẹ́yìn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ní Iléṣà? Nínú oṣù Agẹmọ?
Aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ Ajé
ṣì tutù lórí okùn, ó ti ń rùn.
Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi;
gílóòbù ni oòrùn tèmi,
Nẹ́pà ní í mú un yọ, Nẹ́pà ní í mú un wọ̀.

Oyún Ìbídùn kò rí báyìí.
Oṣù Ṣẹrẹ ni, a sá kòkó
sẹ́bàá ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà, èmi ni mo ń yí i,
ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú bí ìdí ìkòkò.
Èébì ń gbé mi, mo ń ṣépè fún oòrùn.
N kò mọ̀ pé ó ń kó nǹkan pamọ́ sí mi lára.

Òjò dá lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo fi ṣòkòtò oníṣòkòtò sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́,
mo gbé àpótí síta, mo ká apá aṣọ dé èjìká.
Aládùúgbò ní, "Kí lò ń sá?"
Oyún oṣù méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.
"Ara mi ni," mo ní. "Kó má baà bu."