Ikọ́ Láàárín Ikọ̀

Bàbá tó bí ìyá ìyá mi ni Tìófílù Oyèdìjí,
ògbufọ̀, ará Kúdẹtì.
Bàtà kan ṣoṣo ló ní,
ọwọ́ ló fi ń gbé e bójò bá rọ̀.

Òun ló dúró láàárín lọ́sàn-án ọjọ́ náà:
ikọ̀ òyìnbó lórí àga,
Mọgàjí Òjẹ́lékè lórí ẹní,
ìwé lórí àpótí iyọ̀,
adìyẹ kan ń tanlẹ̀ ní tirẹ̀.

Òyìnbó ní, "Títí láé."
Bàbá wúkọ́.
Ó ní, "Wọ́n ní ibi tẹ́ṣin á ti sinmi ni."
Mọgàjí rẹ́rìn-ín: "Ẹṣin kì í pẹ́ sinmi."
Ó ti ìka bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́,
ó nu ìyókù sétí ẹní.
Àbàwọ́n yẹn ò lọ títí ẹní fi gbó.

Bóyá ẹ̀rù ni. Bóyá owó ni.
Bóyá kò rò pé ẹnìkan lè pe "láé" mọ́ ilẹ̀
kó má fi ṣàwàdà.
Ìyá mi àgbà ní kò jẹ obì mọ́ láti ọjọ́ náà,
wọn ò sì bi í.

Lónìí, nílé ìkàwé Yunifásítì,
mò ń kà nípa àwọn Ṣẹ́rókì,
bí aṣojú Amẹ́ríkà ṣe pe àwọn àgbààgbà ní ọmọ,
tó pín aṣọ ìbora, tó tẹ́ ìwé.
Àgbélébùú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìjòyè kọ̀ọ̀kan.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ní kọ̀rọ̀,
orúkọ ògbufọ̀.

Mo gbé ìka lé e.
Mo dákẹ́,
bóyá n ó gbọ́ ikọ́.