Sípíríǹgì Tó Le Jù

Hilkka gbé e wọlé nínú àpò ìrajà,
yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀.
Ó gbé pátákó ìtẹ̀wé náà kalẹ̀ sórí tábìlì mi
bí ẹni gbé adìyẹ tó ń ṣòjòjò.
"Kì í gbọ́ tèmi," ó ní.
"Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó dákẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ kíkan, aládùúgbò ń lu ògiri."

Mo ní kó jókòó,
kó tẹ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn.
N kì í wojú oníbàárà. Ọwọ́ ni mo máa ń wò.

Ọmọdinrín òsì rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́:
ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin ló há a mọ́
nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, lọ́nà Kemi.
Ìka tó tẹ̀ lé e ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ń ṣe ti ẹnìkejì mọ́ ọn,
bí àkọ́bí tí àwọn òbí rẹ̀ rìnrìn àjò.
Àtàǹpàkò òsì nìkan ló ń lu bọ́tìnnì gígùn tó ń la àárín ọ̀rọ̀.
Ti ọ̀tún ńkọ́?
Ó nà gbọnrangandan sókè, ó ń wòran.

Ìka ò dọ́gba. Gbogbo ayé ló mọ̀.
Ta ló wá ní kí bọ́tìnnì dọ́gba?

Lẹ́yìn tó lọ, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀,
mẹ́tàlélọ́gọ́rin, lórí aṣọ ìnura, bí eyín tó jábọ́.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun gírísì sí wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan;
bó bá pọ̀, wọn a lọ́ra bí ẹni tó jẹun yó;
bó bá kéré, wọn a máa han.
Mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ irin nítorí ọkùnrin ẹ̀yìn ògiri.
Lẹ́tà "a", tí èdè Fínláńdì kò lè mí láìsí,
ọ̀dọ̀ ìka tó ti kú ni ilé iṣẹ́ gbé e sí.
Mo ṣí i nípò, mo mú un wá sọ́dọ̀ alààyè.
Mo pín bọ́tìnnì gígùn sí méjì:
ìdajì fún àtàǹpàkò tó ń ṣiṣẹ́, ìdajì fún ọ̀lẹ.
Òjé yọ́, èéfín rẹ̀ ta mí lójú.
Ní Oulu, ilẹ̀ ti ṣú ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

"Kí ni kí ọ̀lẹ máa ṣe?" mo bi í lórí fóònù.
Kò rò ó: "Ìparẹ́. Òun ni mo ń tẹ̀ jù."
Ìwé ilé ẹjọ́ ló ń túmọ̀ lójúmọmọ,
ìyẹn kò nílò ìparẹ́ púpọ̀.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Lẹ́tà kan wà ni. Sí Oiva, àbúrò mi.
Ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì kọjá ìlà kejì."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Ṣùgbọ́n ohùn orí kọ̀ǹpútà,
èèyàn lè ká a nílẹ̀ kó tó fọ́,
kó tún un ká, kó tún un ká,
títí ọwọ́ yóò fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí nǹkan bọ́.

Mi ò gbàṣẹ. Mo tú àpótí sípíríǹgì mi,
mo yan èyí tó le jù,
tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ rí,
mo fi í sábẹ́ ọ̀lẹ.

Nígbà tó dán an wò, àwọn lẹ́tà ń rọ̀ wọlé bí òjò orí koríko.
Ó dé ibi ìparẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró.
"Eléyìí le."
"Ó le."
Ó wò mí. Ó ka owó lé tábìlì,
ó fi síkáàfù wé e, ó jáde.

Ní oṣù kẹta ó padà wá. "A" ti ń han, ó ní.
Kò mẹ́nu kan lẹ́tà; èmi náà kò bi í.
Mo ṣí "a": gírísì ti tán níbẹ̀, ike ti ń dán.
Mo wá yọ́ ṣí ìparẹ́ wò.
Gírísì mi ṣì wà níbẹ̀, funfun,
bí yìnyín tí ẹsẹ̀ kò tíì tẹ̀.
Mo dé e padà.
Owó "a" nìkan ni mo gbà.