Wákàtí Méjì Tí Kò Lórúkọ

Èmi ni mo kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń kùn bí arúgbó,
yìnyín ti fi funfun di gíláàsì fèrèsé.
Oṣù kẹta ni, ní Ulaanbaatar,
èéfín èédú ń rá pálá wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dulamsuren tú ìwé sórí tábìlì:
ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún fún oníṣègùn ẹran,
tí wọ́n ti ń lẹ̀ bí ògbólógbòó ṣòkòtò
láti ìgbà tí ìyá mi wà ní wúńdíá.
"Ràkúnmí," ó ní, "wákàtí mẹ́rìnlá!
Ta ló tún ń rí ràkúnmí nílùú yìí?
Ajá ló kún ilé alájà mẹ́sàn-án,
ajá tó wọ ẹ̀wù, tó ń jẹun inú agolo,
tí olówó rẹ̀ á sanwó kó tó béèrè iye."
A yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́rìnlá.
"Mẹ́ta-mẹ́ta fún iké kọ̀ọ̀kan," ni Lhamjav wí,
a sì rẹ́rìn-ín.

Tserenpil kò rẹ́rìn-ín.
Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń kọ́ni,
etí ló máa ń kọ́kọ́ fi lé ìhà àgùntàn
kó tó na ọwọ́ sí irinṣẹ́ kankan.
"Kí ọmọ tó fi ẹ̀rọ wo inú ẹran,
ẹ jẹ́ kó mọ bí ẹran tí ara rẹ̀ dá ṣe ń mí."
Wọ́n ní a ó jíròrò rẹ̀.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: *a ó jíròrò rẹ̀.*
Kíkọ kì í ṣe kíkọ́.
Ohun tí mo ti kọ nínú yàrá yìí pọ̀,
tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí.

Lẹ́yìn tíì ni wọ́n ka lẹ́tà Nyamdavaa,
akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin, tí a rán lọ sí Arkhangai
nígbà òtútù apẹran, èyí tí à ń pè ní zud:

*Mo ka igba àgùntàn ó lé mọ́kànlá.
Ní òòró ni wọ́n kú sí, yìnyín ló gbé wọn ró.
Mo mọ orúkọ gbogbo oògùn.
Mo mọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́.
Ìyá àgbà kan bu tíì oníyọ̀ fún mi, ó ní,
"Ọmọ, mẹ́tàdínlógún ló kù.
Ṣé kí n máa sìn wọ́n ni,
àbí kí n tà wọ́n, kí n lọ máa gbálẹ̀ nílùú?"
Mo ṣí àpò oògùn mi.
Mo pa á dé.
Ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé wo ló wà?*

Ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ni ìjà dé: ibo la ó fi í sí?
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ egungun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.
Ẹ̀ka oògùn kọ̀ ọ́. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ kọ̀ ọ́.
Lhamjav ní kí wọ́n rán an sí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé.
Dulamsuren bọ́ dígí ojú rẹ̀,
ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, nù ún,
ó ní, bí ẹni ń bá tábìlì sọ̀rọ̀,
"Ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbálẹ̀ nílùú yìí."
Èyí ni n kò kọ sílẹ̀.

"Ẹ yọ wákàtí méjì lára ajá," ó ní.
Ọwọ́ méje gòkè, gègé wà nínú ọ̀kan.
"Kí la ó pè é?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Ilẹ̀ ti ṣú, bọ́ọ̀sì fẹ́ lọ.
Mo fi àyè sílẹ̀, ó gùn tó ìka kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé padà láti iléeṣẹ́ ìjọba,
yíǹkì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà:
*Orúkọ ẹ̀kọ́ dà?*
Ó wà níwájú mi báyìí.
Mo ti fi gègé kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.